Káàdì Ìyeyè Lára Gíláàsì Àǹtí Fumi

Ẹja ahi tí mo fi ọwọ́ òsì nìkan fà jáde létíkun ìlú Hilo lọ́dún tó kọjá, ó gùn débi pé nígbà tí orí rẹ̀ dé ọjà, ìrù rẹ̀ ṣì ń fi omi òkun ṣeré, ọkọ̀ mẹ́ta ló sì ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, wọ́n rò pé afárá tuntun ni. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹja náà. Síbẹ̀, èyí kéré. Ohun tó tóbi jù tí èmi Junior Kalua ṣe láyé ni pé mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo so Kēhau Akiona àti Wendell Shiroma pọ̀ di tọkọtaya. Ọwọ́ kejì wà nínú àpò mi.

Òjò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òjò Hilo kì í rọ̀ bí òjò ibòmíràn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹja á máa wá yá agbòòrùn lọ́wọ́ ènìyàn. Mo ń gbé àpótí ẹja wọ ilé oúnjẹ Àǹtí Fumi, ìyá Wendell, nígbà tí obìnrin kan sáré bọ́ sábẹ́ ìbòrí ẹnu ọ̀nà. Ó ti rin gbingbin. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti já, ó sì gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ ológbò. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Wendell wà lẹ́yìn káńtà, ó ń gé àlùbọ́sà eléwé. Ó gbójú sókè, ọ̀bẹ sì dúró lófuurufú. Mo jẹun, mo sùn, mo jí, ọ̀bẹ yẹn kò tíì sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ wọlé o," ó ní. "Òjò yìí kò ní dá títí ẹ ó fi darúgbó."

"Ṣé ẹ ní àga tí mo lè darúgbó sí?"

"Àga wà. Saimin gbígbóná náà wà."

Ó gbé àwo nódù náà síwájú rẹ̀, èéfín ń rú lójú omi ẹran. Ó bọ́ sílípáàsì ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga obìnrin náà. Kēhau ni obìnrin náà. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wò ó.

"Èyí kì í ṣe sílípáàsì. Ọkọ̀ ojú omi ni."

"Tó bá jẹ́ ọkọ̀, èmi ni mo ni ín. O gbọ́dọ̀ dá a padà fún mi lọ́la."

"Ah! 'O' ti dé? A ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni o."

"Ẹni tó ti jẹ saimin màmá mi ti di ará ilé."

Ó dá sílípáàsì padà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta kò ní nǹkan kan láti dá padà, ó ṣì wá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti di tirẹ̀, Àǹtí Fumi sì ti ń fi ẹyin kún àwo rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bèèrè. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú mọ́tò Wendell létí òkun. Etí mi gùn.

Kēhau ti sọ fún Wendell pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé òun wá láti Kona. Wendell kò bi í pé iṣẹ́ wo. Ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ló ń wò.

Iṣẹ́ náà rèé: ó ń wọ ilé oúnjẹ kiri, ó ń yẹ ilé ìdáná wò, ó sì ń so káàdì mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Aláwọ̀ ewé, ẹ wọlé ẹ jẹun. Ìyeyè, ẹ ṣọ́ra. Pupa, ẹ padà sílé. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé àwọn ilé oúnjẹ tó kàn án, ó rí orúkọ Shiroma níbẹ̀. Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé olólùfẹ́ òun ni. Ojú tì í. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá lò.

Ló bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìjọba wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Olólùfẹ́ mi," Wendell ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ta ló rán aṣọ burúkú yìí fún ọ?"

"Wendell, iṣẹ́ ni mo bá wá." Kò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ yẹ ilé ìdáná wò."

Ẹ̀rín kú lójú Wendell díẹ̀díẹ̀, bí iná tí wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkòkò ńlá kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná yẹn tí gbogbo Hilo mọ̀. Inú rẹ̀ ni omi ẹran wà. Àǹtí Fumi kì í gbé e sínú firíìjì. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ òkun nìkan ló lè tù ú kí adùn rẹ̀ má baà sá. Kēhau fa abẹ́rẹ́ tó fi ń wọn ìgbóná yọ lápò, ó tì í bọ inú ìkòkò. Ó wo nọ́ńbà rẹ̀. Ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Ìgbà wo lẹ ti gbé e síbí, Àǹtí?"

"Láti àná. Afẹ́fẹ́ òkun ló ti ń tù ú látayé ìyá mi."

"Kò tutù, Àǹtí, kò sì gbóná. Irú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ báyìí ni kòkòrò ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀."

"Kòkòrò wo? Kòkòrò tó o ti ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Kēhau yíjú sí bàsíà tó wà fún ọwọ́ fífọ̀. Ewé òkun gbígbẹ ni wọ́n rẹ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Kò sí ọṣẹ. Ó pa ojú dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá méjì nìyẹn, òfin kò sì fi ibì kankan sílẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kēhau," Wendell ní jẹ́jẹ́, "sún mọ́ ibí. Bá mi sọ̀rọ̀ ná."

"Tí mo bá fojú fo èyí, tí ọmọ ẹnìkan sì torí ẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ojú wo ni màá fi wò ọ́?"

Ó so káàdì ìyeyè mọ́ gíláàsì. "Ọjọ́ méjì lẹ ní láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan káàdì yìí. Ẹni tó bá yọ ọ́, wọ́n lè ti ilé yìí pa."

Àǹtí Fumi kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. "Ọmọ tí mo ń fi ẹyin kún àwo rẹ̀ ló so èyí mọ́ mi níwájú," ó ní. "Má tún wá jẹun mi mọ́. Tó bá jẹ́ ìjọba ló rán ọ, wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀ ọ́."

Àwọn tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ogójì ọdún dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí ìyeyè, wọ́n sì rántí lójijì pé àwọn ti jẹun nílé. Ẹ̀fọn gan-an ń dé ibẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́rí padà. Àǹtí Fumi kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì, ó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wendell da omi ẹran nù, ó se òmíràn, ó pín in sínú páànù pẹlẹbẹ, ó to yìnyín yí i ká. Ó gbé ọṣẹ sí bàsíà.

"Ìwọ náà ti di ọmọ ìjọba," ìyá rẹ̀ ní.

Wendell pe Kēhau lórí fóònù. Lákòókò yẹn gan-an ni Kēhau ń pè é. Kálukú gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kejì, kálukú sì rò pé ẹnì kejì ti rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀. Wọn kò pe ara wọn mọ́.

Ọjọ́rú mọ́. Kēhau dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lórí àtẹ̀gùn.

Káàdì aláwọ̀ ewé ló wà lára gíláàsì.

Ta ló fi í síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi.

Kēhau ja káàdì náà kúrò lára gíláàsì, ó wọlé, ó dì í mọ́ àyà, ẹ̀yìn káàdì náà ló kọ sí wọn. "Ta ló yọ káàdì mi?"

Wendell kò tíì gba ẹnu ọ̀nà iwájú láàárọ̀ náà. Ó rí àwọ̀ ewé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka Kēhau, ó wo ìyá rẹ̀. Ó rò ó pé, màmá ti ba ilé jẹ́.

"Èmi ni," ó ní.

"Irọ́ ló ń pa!" Àǹtí Fumi dìde, àga ṣubú. Òun náà rò pé ọmọ òun ló ṣe é. "Èmi ni mo yọ ọ́. Àgbàlagbà ni mí, kí wọ́n wá mú mi."

"Mọ́mì, ẹ jókòó."

"Ìwọ ni kó o jókòó! Kí ni wọ́n bi ọ́?"

Kēhau wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ti kún ojú rẹ̀. Tó bá kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lè ti ilé oúnjẹ yìí pa. Tó bá fi pamọ́, ó ti di òpùrọ́, gbogbo káàdì tó ti so rí ti di bébà lásán. Ó mí kanlẹ̀.

"Orúkọ ilé oúnjẹ kan wà lórí káàdì yìí. Wendell, orúkọ wo ni?"

"Tiwa náà kọ́?"

"Àǹtí?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́? Shiroma."

Ó yí káàdì náà padà. *Búrẹ́dì Hilda.* Ilé búrẹ́dì tó ti kógbá sílé lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Tẹ́ẹ̀pù búlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ìpẹ́ ẹja kan sì há sábẹ́ tẹ́ẹ̀pù náà, ó ń dán.

"Kò sí ìkankan nínú yín tó ṣe é," ó ní. "Ẹ kàn ń kú dípò ara yín ni."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, níwájú wọn, kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá Furtado, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Shiroma. Ẹnìkan ti pààrọ̀ káàdì. Àwọn onílé kọ́ ni. Àti pé mi ò gbọ́dọ̀ yẹ ibí wò láti ìbẹ̀rẹ̀, sà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin tó ni ín. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Tí ẹ bá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fara mọ́ ọn."

Wendell gbé àga tó ṣubú dìde.

Wákàtí kan ni Furtado fi wá. Àwọn mẹ́ta jókòó. Aago ara ògiri ń dún ju òjò lọ. Ìgbà kan, Wendell na ọwọ́ lórí tábìlì díẹ̀, ó dá a dúró láàárín. Kēhau kò mú un. Kò sì gbé tirẹ̀ kúrò nítòsí.

Furtado, arúgbó tí kì í tètè sọ̀rọ̀, dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ó gún omi ẹran inú gbogbo páànù. Ó fọ ọwọ́ ní bàsíà, ó gbóòórùn ọṣẹ. Ó wá gbé káàdì Hilda sókè, ó wò ó títí.

"Ẹni tó bá fẹ́ tan ìjọba jẹ kì í fi káàdì ilé búrẹ́dì tó ti kú tàn án," ó ní níkẹyìn. "Òmùgọ̀ kan ló ṣe èyí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní.

Ó so káàdì aláwọ̀ ewé tòótọ́ mọ́ gíláàsì. Ó yíjú sí Kēhau. "Ìwọ, ìwé ìkìlọ̀ ń bọ̀ fún ọ. Láti ọ̀la, apá Puna lo ti máa ṣiṣẹ́. O ò ní wọ ilé ìdáná yìí mọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún ní, "Ó yẹ kó o ti sọ. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́."

Kēhau gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀ lé e.

"Níbo lò ń lọ?" Àǹtí Fumi ní. "Jókòó."

Ó bu saimin, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ẹyin méjì ló wà lójú rẹ̀. "Fi abẹ́rẹ́ rẹ sí i kó o tó jẹ ẹ́."

"Àǹtí, kò pọn dandan..."

"Fi sí i, mo ní."

Kēhau tì í bọ̀ ọ́. "Ó gbóná tó, mà."

"Mo mọ̀." Ìyá náà nu ọwọ́ lára épírọ́ọ̀nù, ó pẹ́ níbẹ̀. "O ní ànfààní láti purọ́ kí n lè fẹ́ràn rẹ. O ò purọ́. Wendell! Tó o bá jẹ́ kí èyí lọ, èmi fúnra mi ni màá so káàdì pupa mọ́ ọ láyà."

Wendell wọ ẹ̀yìn lọ, ó padà dé pẹ̀lú sílípáàsì kan ṣoṣo. Èyí tó já lọ́jọ́ òjò. Ó ti rán an.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti rán an," ó ní. "Mi ò dá a padà. Mo fẹ́ kí ohun tìrẹ kan máa wà níbí, kó o lè máa padà wá." Ó kúnlẹ̀, ó fi í sí i lẹ́sẹ̀. "Kēhau, fẹ́ mi."

Kēhau wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo orí Wendell tó tẹ̀ ba. "Ẹ jẹ́ kí n jẹ saimin mi tán ná."

Ẹ̀rù ba Wendell. "'Ẹ' ti padà dé?"

"Kò padà dé." Ẹ̀rín ọjọ́ òjò yẹn bọ́ sí i lẹ́nu. "Ìwọ ni. Ìwọ nìkan. Mo gbà."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ tapólì létí òkun. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Òdòdó ọrùn ìyàwó pọ̀ débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló yọ. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ti ẹja ahi dé ibi tí ọkọ̀ kẹta ti ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn já bébà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo fa tẹ́ẹ̀pù yọ lápò, mo fi eyín gé e, mo lẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo.

Kēhau wo tẹ́ẹ̀pù náà, ó wo ọwọ́ mi.

"Junior," Kēhau ní.

"Ìyàwó wa!"

"Tẹ́ẹ̀pù búlúù yẹn, kí lo ń fi ṣe?"

"Èyí? Mo fi ń di àpótí ẹ..." Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé, ó ti ara rẹ̀ pa.

Ọ̀gá Furtado gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Wendell dìde. "Junior, ta ló ni Búrẹ́dì Hilda nígbà náà?"

"Àbúrò ìyá mi ni... Ẹ gbọ́, oore ni mo rò pé mò ń ṣe! Ojú Àǹtí Fumi ló ń ṣe mí láàánú! Ṣé ẹ rí i pé tí kì í bá ṣe èmi..."

Àǹtí Fumi ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Sá o, Junior," Kēhau ní. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dúró dáadáa, ó fara ti ọkọ rẹ̀. "Mo ní kó o sá!"

Mo sá. Mo sáré débi pé òjò Hilo kò rí mi bá, ẹ̀yìn mi ló ń rọ̀ sí.