Ẹ̀bi Náà Kì Í Ṣe Ti Láptọ́ọ̀pù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí obìnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé, ọjọ́ náà gan-an ni mo dójú tì í lójú ogún àgbàlagbà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ ìlera ti ń ṣèpàdé, pàápàá purojẹ́tọ̀ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí. N kò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbì kankan, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn létí, n kò sì kọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó nípọn bíi bíríkì mọ́ àyà.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ẹnjiníà. Ti bàbá mi tó ti dolóògbé ni. Ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà sí ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó lè bá purojẹ́tọ̀ yín ṣiṣẹ́ láìsí wáyà.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ni mo wí. Ẹ̀rín rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Iléewòsàn kékeré ló ti wá. Yàrá ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí èkejì. Àwòrán mẹ́rìndínlógún ló kó wá: àwọn aboyún tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi òkúta ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Láptọ́ọ̀pù ń wá purojẹ́tọ̀, kò rí i. Òógùn bò mí. Alága ìgbìmọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹnjiníà, ṣé o mọ iṣẹ́ yìí ṣá?”

Ojú tì mí, ìtìjú sì sọ mí di òpùrọ́.

“Ọ̀gá, kì í ṣe èmi o. Láptọ́ọ̀pù yìí ni. Àwọn tó ń ra irin àlòkù gan-an ò ní gbà á!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra pa láptọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ dé, ó sì fi ẹnu lásán ṣàlàyé. Ṣé etí lèèyàn fi ń wo bẹ́ẹ̀dì tó ń mì? Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rántí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti gbé purojẹ́tọ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò sórí ti òṣìṣẹ́. Orí ti àlejò ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ méjèèjì ò bá sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, wọn ò lè rí ara wọn. Èmi ni mo tilẹ̀kùn, èmi náà ni mo tún ń bú ẹni tó ń kànkùn.

Mo lè sáré pè é padà. Alága ṣì wà lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo ń ká wáyà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá a lọ sí iléewòsàn. Mo ní mo wá bẹ̀bẹ̀ nítorí àwàdà burúkú tí mo ṣe. Àwàdà nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́ fún o, n kò mẹ́nu kan irọ́. Ó dárí jì mí. Mo bá wọn tún fáànù kan ṣe, mo sì sìn ín dé ilé wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ó ti ń pè mí ní Ọkàn Mi, èmi náà ò sì lè jẹun ọ̀sán láìgbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìyá mi rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bí ọmọ yìí bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, o ò ní fojú kàn mí mọ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì wá bá mi pẹ̀lú ojú tó rẹ̀.

“Obìnrin kan bímọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lónìí. Ìró mi ni mo fi ká a mọ́, kí àwọn tó ń kọjá má bàa rí i. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, bíi pé òun ló ṣẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Ká ní láptọ́ọ̀pù jákujàku yẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni!”

Mo yanu, mo tún pa á dé. “Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi,” ni mo rí sọ.

Oṣù méje lẹ́yìn ìpàdé yẹn, èmi àti ìyá mi lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ní kí n gbé purojẹ́tọ̀ kékeré kan dání. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ìyá àgbà náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀ jáde, ó ń fi etí aṣọ nu eruku rẹ̀.

“Inú rẹ̀ ni gbogbo fọ́tò bàbá wọn wà. Ó yẹ kóun náà wà níjókòó lónìí. Ọmọ mi, bá mi gbé e sórí ògiri.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹnjiníà ti sọ pé kò lè ṣiṣẹ́.”

“Kó tún gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Mo gbà á. Mo tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi, mo so purojẹ́tọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ láìso, yóò kọ̀, màá ní mo kúkú ti sọ, a ó sì jẹun. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá àgbà tó ti kọjú sí ògiri, tó ń dúró de ọkọ rẹ̀.

Mo so ó.

Bàbá náà yọ sára ògiri, tòun ti fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà pariwo orúkọ oríkì rẹ̀, omijé bọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ rẹ̀ ń wò.

“Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ,” ni ó wí. “Kí ló ṣe é lọ́jọ́sí?”

Mo kúnlẹ̀. “Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo sì mọ̀ kó o tó dé géètì.”

“Oṣù méje.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. “Oṣù méje lo fi ń gbọ́ tí mo ń bú ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀. Obìnrin yẹn bímọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, o sì ń kí mi pẹ̀lẹ́!”

Ìyá rẹ̀ nu ojú. “Ẹ máa lọ ná,” ni ó wí fún wa.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa, ìyá mi yíjú sí mi. “Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ nírú èyí?” ni ó bi mí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Alága kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó sì ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Mo bá a so ẹ̀rọ, mo jáde. Àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni wọ́n wò. Wọ́n fọwọ́ sí yàrá kejì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó kọjá lára òpó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó wá bá mi ní gbọ̀ngàn.

“Má rò pé nítorí yàrá yẹn ni mo ṣe wá. Ẹ̀tọ́ àwọn aboyún nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Bí ojú bá tún tì ọ́ lọ́la ńkọ́?”

Mo ronú dáadáa. “Ó ṣeé ṣe kó tún ṣe mí bíi kí n sá. Ṣùgbọ́n màá sọ fún ọ kí n tó sá.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Mú ìyá rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú.”

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ ká jókòó dáadáa. “Kí n tó dáhùn ohunkóhun, ṣé irọ́ mìíràn ṣì wà nílẹ̀?”

Mo wolẹ̀. “Màmá, ó ku ẹyọ kan. Ọbẹ̀ tí ẹ máa ń bù fún mi, tí mo máa ń ní ó dùn . . .”

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.”

Ìyá mi di ojú. Ni nọ́ọ̀sì bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo wọn.

“Màmá, èmi náà ò kàn lè sọ fún yín ni!”

Ìyá rẹ̀ wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀, ó pòṣé. “Ẹ mú un lọ sí ilé ìdáná. Òun ni kó sebẹ̀ tòní.”

Mo sì sè é.