Lẹ́tà Kan Lára Ọkọ̀ Abílio

Ìka ni Benilde kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ẹni tó ni ín. Inú ọkọ̀ ló lóṣòó sí, ó ń fi ọ̀dà pupa tún etí ọkọ̀ náà kùn, nígbà tí ìka gígùn kan nà jáde láti orí èbúté, tí ó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó wà ní orí ọkọ̀, ní iwájú rẹ̀ pátápátá, bí ẹni ń tọ́ka sí pátákó ìkọ̀wé. Ọkùnrin tó ni ìka náà dé fìlà koríko, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, etí rẹ̀ sì ti pọ́n nínú atẹ́gùn àríwá tí kì í jẹ́ kí àlejò sinmi ní Aveiro. Kò burẹ́wà. Ìyẹn gan-an tún bí Benilde nínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí. "Àṣìṣe kan wà níbí."

"Níbo?"

"Níbi tí wọ́n ti kọ ọkàn. *Coração* ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ fi u sí ibi tí o yẹ kó wà, ó wá di *curação*."

Benilde gbé búrọ́ṣì kalẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan, àlejò kan ti jókòó lé ọ̀dà tútù, ó sì ní kí òun Benilde tọrọ àforíjì. Sùúrù rẹ̀ ti tán pátápátá.

"Ta ló pè yín ní tíṣà?" ló bi í. "Ẹ pè é sókè kí n gbọ́."

"Kí n pe kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pè é fún ìyàwó yín."

"Mi ò níyàwó."

"Ẹ ṣáà pè é."

Ó pè é bí gbogbo ọmọ Potogí ṣe ń pè é, u ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kedere. Ó tún un pè, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ gbọ́ ara yín?" ni Benilde wí. "Ẹnu yín ti tú àṣírí yín."

Eurico lórúkọ rẹ̀. Ó wá láti Évora, ìlú tí kò mọ òkun rí, níbi tí ó ti ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí ó ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ló fẹ́ lò ní Aveiro. Ó lo mẹ́jọ, kò sì tíì bèèrè ọkọ̀ ojú irin.

Lójoojúmọ́ ló ń yọjú sí èbúté pẹ̀lú páálí àdídùn ẹyin, èyí tí wọ́n ń rọ sínú èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bí ìkarahun. Ó ń di àkàbà mú fún Benilde, ó sì ń gbọ́ èébú rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ orin.

"Ẹ dì í mú dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ju ìlà pupa lọ, mi ò fọkàn tán an lórí àkàbà."

"Tí ẹ bá já bọ́, màá gbà yín."

"Ẹ̀yin tí atẹ́gùn fẹ́ gbé fìlà yín lọ?"

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Benilde sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún un. Bàbá rẹ̀, Abílio, ló kàn án, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ọ̀sà ṣì ń kó koríko omi lọ fún àwọn àgbẹ̀, kó tó di pé àlejò ni wọ́n ń kó. Ó ya ọkùnrin kan sí orí rẹ̀ tó ń gbé ọkàn pupa fún ìyàwó rẹ̀ nínú agbọ̀n ẹja, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Rọra gbé e, Zulmira, ọkàn mi ni, kì í ṣe ẹja.* Zulmira ni ìyá Benilde, ó sì ti di olóògbé. Valdemar ló ni ọkọ̀ náà báyìí, ọ̀gá tó ń kó àwọn àlejò kiri, tí Benilde ń bá ṣiṣẹ́. Ọwọ́ Abílio ti ń gbọ̀n, kò lè di ṣíbí mú, ká má tíì sọ búrọ́ṣì. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ láyé, èyí ló kù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá sí èbúté wá kà á.

Eurico la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé. Àánú ni Benilde pè é. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún ọ̀dà di tirẹ̀ mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí omi fi fà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Benilde dé ibi iṣẹ́, ó rí i pé wọ́n ti fá orí ọkọ̀. Àwòrán ṣì wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ gé ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, ó ń dán, ó tọ́, kò sì ní àbùkù kankan. Kò mọ ìgbà tó dé iwájú Valdemar.

"Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ bàbá mi?"

Valdemar fa ìwé ẹ̀sùn jáde, ìwé pupa tí òfin ní kí gbogbo ilé ìtajà ní, tí ọmọ Potogí kì í lọ́ra láti bèèrè bí kọfí bá tutù. "Àlejò kan fẹjọ́ sùn. Ó ní ìtìjú ni fún ìlú wa. Mi ò fẹ́ kí ayé rò pé púrúǹtù ni wá."

"Púrúǹtù? Bàbá mi?"

"Kà á fúnra rẹ."

Ó kà á. Ìkọ̀wé náà mọ́, ó gún régé. Eurico Falardo. Déètì ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ní wákàtí kan ṣáájú kó tó na ìka yẹn. Inú bí Benilde débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọkùnrin tó kan ọkọ̀ tó lé ní ogójì, tí kò lo ju ọdún méjì lọ nílé ìwé nítorí ebi, òun ni wọ́n ń pè ní púrúǹtù lórí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ó bá Eurico lórí afárá, páálí àdídùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa pè é ní ìwọ. Ó ti ń ronú tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ dídùn ni yóò jẹ́.

"Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ nígbà tí mo kọ ọ́," ni Eurico wí. "Mo rò pé wọn kì í ka ìwé yẹn."

"Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ìyá mi fún ẹ ńkọ́? O jókòó, ò ń jẹ àdídùn."

"Ẹ̀rù bà mí pé o máa lé mi."

"Ó dáa. Mo ti lé ẹ. Padà sí Évora, kí o lọ máa fa ìlà sábẹ́ àwọn òkúta àtayébáyé ìlú yín."

Lọ́jọ́ Àìkú, Abílio wá sí èbúté. Ó dúró pẹ́ níwájú ọkọ̀. "Ó mọ́," ni gbogbo ohun tí ó sọ. Ó padà sílé, ó jókòó, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Benilde wọ ilé ìdáná, ó sunkún ìbínú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Valdemar sọ ìwé pupa náà lu tábìlì níwájú rẹ̀. "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wèrè rẹ yẹn."

Ojú ìwé mẹ́ta ni Eurico ti kọ. *Mo fi ẹjọ́ Eurico Falardo sùn,* bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, *ẹni tó fi ìka tọ́ka sí ohun tí kò yé e, tó sì dákẹ́ nígbà tó yé e.* Ó ní kí wọ́n dá lẹ́tà Abílio padà.

"Òfin ní mo gbọ́dọ̀ fèsì sí gbogbo rẹ̀," ni Valdemar ń ráhùn. "Wákàtí wákàtí ló ń wá tún ìwé yẹn bèèrè. Mo ní kó lọ kọ ohun tó bá wù ú sára pátákó tuntun tí a máa kàn mọ́ orí ọkọ̀, kó ṣáà fi mí sílẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Ilé yín."

Benilde sáré. Lábẹ́ àtíbàbà tí bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, pátákó tuntun kan wà lórí àpótí méjì. Eurico kúnlẹ̀ tì í, búrọ́ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ gbígbọ̀n Abílio sì dì mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Rọra," ni bàbá náà ń wí. "Ọwọ́ ẹ ti le jù. Ejò kọ́ lò ń pa."

Wọ́n ti dé ibi ọ̀rọ̀ náà. Eurico kọ c, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ogún ọdún ló ti fi ń pa irú àṣìṣe yìí run. Abílio tẹjú mọ́ búrọ́ṣì náà, Benilde sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Òógùn jáde níwájú orí Eurico, ó kọ u.

"O ti ṣì í kọ," ni Benilde wí.

Eurico ò yíjú padà. "Bí mo ṣe ń pè é ni mo ṣe kọ ọ́."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ìdí lẹ́tà yẹn sì wọ́. Bàbá mi kì í kọ ọ́ báyẹn." Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n jọ kọ èyí tó kù. Abílio rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí ibi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan rí.

Kí àwọn tó ń sá iyọ̀ òkun létí ọ̀sà tó kó iyọ̀ wọn tán lọ́dún náà, Eurico ti tọrọ Benilde lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Benilde sì ti gbà. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà nítòsí ọjà ẹja láti lọ ṣe òrùka. Eurico kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fín sínú rẹ̀ sórí ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Alágbẹ̀dẹ náà gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó na ìka sí i.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àṣìṣe kan wà níbí. O ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Etí Eurico pọ́n, ó sì nà ró. "Ta ló pè yín ní tíṣà?" ló bi í. "Ẹ pè é sókè kí n gbọ́."

Benilde rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó na ìka tirẹ̀ sí alágbẹ̀dẹ náà, pé kó wọ̀n ọ́n.