Ojú Ìwé Igba Ó Lé Méjìlá

Ọjọ́ tí Adájọ́ kọ́kọ́ rí obìnrin náà, ńṣe ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Olúwa mi. Ibo ni kí n sọ irin yìí kalẹ̀ sí kó tó já èjìká mi bọ́?"

Adájọ́ la ẹnu sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ti dájọ́ fún ìjọba àpapọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n o! Ó ti rán àwọn tó ń tẹ owó ayédèrú àti ọ̀gá báńkì lọ sẹ́wọ̀n. Tó bá wúkọ́ lórí àga, fèrèsé á gbọ̀n ní òpópónà kejì. Àpáta ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àtìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó rí eyín ẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àpáta wo obìnrin tó ń làágùn, ó gbàgbé láti pa ẹnu dé.

"Ẹ gbé e síbẹ̀," ló wá sọ. 'Ẹ' ló máa ń lò fún gbogbo èèyàn, títí kan olè tó fẹ́ rán lẹ́wọ̀n.

Opó ni Atẹ̀wé, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló pé. Iṣẹ́ tó wá ṣe ti lé èèyàn mọ́kànlá sá. Ní kóòtù yẹn, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé ńlá. Atẹ̀wé á wá tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣeé kà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Adájọ́ sì rèé, bí ìgbà tí adìẹ mẹ́fà bá jà nínú ẹrọ̀fọ̀. Dókítà kan rí i, ó bú sẹ́kún.

Adájọ́ na ìwé kan sí i. Obìnrin náà kà á láti òkè délẹ̀ láì dúró mí.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọkọ mi tó kú ni, Olúwa mi. Tiẹ̀ burú ju báyìí lọ. Tiyín ṣì nítìjú díẹ̀."

Adájọ́ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù tó wà níta sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ló há ọ̀gá òun lọ́fun.

"Òfin kan ṣoṣo ni mo ní," Adájọ́ sọ nígbà tó mí tán. "Ohun tí mo bá kọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nǹkan kan."

"Tẹ́ ẹ bá wá kọ ìsọkúsọ ńkọ́?"

"Mi ò kọ ọ́ rí."

"Ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú, Olúwa mi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Obìnrin náà á kó ìwé wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Lọ́yà tòní sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ìka mi fẹ́ pè é lẹ́jọ́." Adájọ́ á rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi ń dé ibi iṣẹ́ kí oòrùn tó jí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbélé, kì í ṣe ọmọdé. "Àbúrò, ta lò ń fín lọ́fínńdà fún? Ṣé àwọn olè ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Tó bá jẹ́ atẹ̀wé yẹn ni, má dójú tì wá o. Èèyàn kì í torí àtimu omi kó bọ́ sínú kànga."

Ìṣòro Adájọ́ ni pé ẹnu tó fi ń rán èèyàn lẹ́wọ̀n ogún ọdún ò lè sọ gbólóhùn kan fún obìnrin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi tí omi wọ inú sìmẹ́ǹtì rẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ti ń ka báàgì tó tutù láti wákàtí mẹ́ta. Adájọ́ ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ fà á ya kó fi lé orí ẹ̀rọ Atẹ̀wé. Kó tó dìde, Akọ̀wé ti gbé ìwé ńlá lọ sí yàrá ìtẹ̀wé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Adájọ́ sọ nínú ara ẹ̀. "Á kúkú kà á."

Kò kà á! Ẹni tó bá mọ ìwé tẹ̀ dé góńgó kì í ka ọ̀rọ̀. Ojú á gbé lẹ́tà, ìka á gbà á, ọkàn á wà níbòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn Atẹ̀wé wà lórí òrùlé ẹ̀ tó ń jò. Ìka ẹ̀ sáré ju òjò lọ, ó tẹ ìfẹ́ Adájọ́ sáàárín báàgì sìmẹ́ǹtì méjì, ó dì í pọ̀ mọ́ ìyókù. Ojú ìwé igba ó lé méjìlá.

Adájọ́ ń retí èsì. Lọ́jọ́ kejì, "Ẹ káàárọ̀, Olúwa mi" ló gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, òun náà ni. Nígbà tó pé oṣù kan, ó gbà pé obìnrin náà ti kọ̀. Ó ní kí Akọ̀wé máa bá òun gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀.

"Kí ni mo ṣe fún un?" Atẹ̀wé bi Akọ̀wé.

"Ìyá, mi ò mọ̀. Àpáta ti padà di àpáta."

Obìnrin náà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé òun lọ kóòtù míì, ó fi sápò, kò tíì lè fi ránṣẹ́.

Lóṣù kẹrin, lọ́yà tó pàdánù ẹjọ́ sìmẹ́ǹtì ń ka àkọsílẹ̀ kó lè lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Ó dé ojú ìwé yẹn, ó pariwo débi pé ológbò ẹ̀ sá kúrò nílé. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn: adájọ́ tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ò gbọ́ ẹjọ́ òun. Ìgbìmọ̀ àgbà adájọ́, èèyàn mẹ́sàn-án, ránṣẹ́ pe Adájọ́ àti Atẹ̀wé.

"Sọ pé atẹ̀wé yẹn ló tẹ̀ ẹ́ sí i," ẹ̀gbọ́n sọ fún Adájọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ta ló tún lè ka ọwọ́ rẹ? Wọ́n á lé e, wàá sinmi. Àbí wàá fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jóná?"

Adájọ́ ń so okùn bàtà. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Alága ìgbìmọ̀ gbé ìwé ńlá náà wò, ó yí i po, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, kò rí nǹkan kan kà.

"Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ tẹ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Inú ìwé Adájọ́ ni?"

Obìnrin náà wo ojú ìwé tí wọ́n nà sí i. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan, ó dúró. "Mi ò... mi ò kì í kà á, sà. Mo kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Alága kọjú sí Adájọ́. "Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Adájọ́ dìde dúró.

"Ọwọ́ mi ni," Adájọ́ sọ. "Gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo ní kí obìnrin yìí ṣe ló ṣe. Àmọ́ mo gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ yẹ̀ mí wò."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀rí wákàtí mẹ́ta yẹn lórí láìwo ìwé, báàgì kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àwọn àgbà mẹ́sàn-án fi ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Wọ́n ní ìdájọ́ sìmẹ́ǹtì dúró, àmọ́ lẹ́tà ìbáwí á wọ fáìlì ẹ̀. Irú ẹ̀ ò wọ ibẹ̀ rí.

Atẹ̀wé dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Oṣù mẹ́rin, Olúwa mi! Oṣù mẹ́rin lẹ fi ń wò mí bíi pé mo jí àga yín!"

"Mo rò pé ẹ ti kà á, ẹ sì kọ̀."

"Mo tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ kà á fún mi."

"Níbí?"

"Ṣebí èèyàn mẹ́sàn-án ti kà á. Èmi ni kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Adájọ́ ṣí ìwé ńlá náà, ó kà á. "'Ohùn àwọn èèyàn ni iṣẹ́ mi, mo sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀. Tiyín nìkan ni mò ń jí tìtorí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè fara da àgbàlagbà tí ò mọ̀wé kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ mi.'"

"Ẹ tún un kà."

"Kí ló dé?"

"Ohùn yín ń gbọ̀n. Ó ń dùn mọ́ mi."

Ó tún un kà.

"Mo gbà," obìnrin náà sọ. Ó yọ lẹ́tà àpò ẹ̀. "Tọkọtaya ò lè jọ wà ní kóòtù kan. Màá lọ sí ibòmíì."

Adájọ́ gba lẹ́tà náà, ó fà á ya. "Ẹ ṣì lọ́dún mẹ́jọ níwájú. Èmi ti dájọ́ tó."

Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n wá, ó fajú ro, òun náà ló kọ́kọ́ sunkún.

Ní báyìí, tó bá ti di aago mẹ́rin, bàbá kan máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn níta kóòtù, láàárín àwọn tó ń dúró de ẹjọ́.

"Bàbá," ẹnì kan bi í lọ́jọ́ kan, "ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn yín?"

"Wọn ò fẹ̀sùn kàn mí," ni ìdáhùn ẹ̀. "Ìyàwó mi ni mò ń dúró dè."