Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀ Nínú Káàdì Méjèèjì?

Ìyá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí Oníṣirò tẹ́ ìwé pélébé tó gbà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ sórí tábìlì.

"Rọra o," ni ìyá wí. "Bí áyọ́ọ̀nù bá jó ìwé yẹn, a ò ní mọ èyí tí a máa rà mọ́."

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni ìyá ń ṣe. Oníṣirò, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, orúkọ ìnagijẹ yìí sì rọ̀ mọ́ ọn nítorí pé kò sí ẹni tó lè bá a du ìṣirò nínú ilé. Ó ti yege nínú ìdánwò rẹ̀, ìyá sì ti ṣèlérí pé òun yóò ra káàdì tí ènìyàn fi ń wọ ọgbà ìgbafẹ́, tó sì fi ń gun àwọn ọkọ̀ eré ibẹ̀, títí ọdún yóò fi parí. "Ìwọ àti àbúrò rẹ," ni ìyá wí lọ́jọ́ náà.

"Káàdì méjì ni mo rí níbí," ni ìyá tún wí. "Ṣàlàyé wọn fún mi."

Iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni káàdì oníwúrà wà fún, ṣùgbọ́n ó lè wọlé lọ́jọ́ tó bá wù ú, kò sì ní tò sórí ìlà pẹ̀lú èrò. Káàdì elénìyàn-méjì gba ènìyàn méjì wọlé, ṣùgbọ́n kò gba ọjọ́ Sátidé àti Sunday, ìlà gbogbo èrò sì ni wọ́n máa tò sí. Ọlidé gígùn ti dé tán, òun àti àbúrò rẹ̀ yóò sì wà nílé láti Monday dé Friday. Kò yẹ kó ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n oníwúrà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Olórí láàrin wọn ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé ẹni tó bá ra elénìyàn-méjì ti di olùtọ́jú ọmọ nìyẹn.

"Oníwúrà ló dáa jù, Màámi," ni Oníṣirò wí. "Tí mo bá ń lọ ní gbogbo Sátidé, ẹ máa rí i pé owó ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ò ní ju owó búrẹ́dì lọ."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. "Wọn ò ní jẹ́ kó gun nǹkan kan. Ọ̀pá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ọmọdé. Kò ga tó o."

Lóòótọ́ ni ọ̀pá wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún, èyí tó ń sáré jù, Oníṣirò kò sì fìgbà kan wọn ọmọ náà wò. Irọ́ tó bá fi òótọ́ bora a máa rìn jìnnà.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó jókòó sáàrin òkìtì aṣọ tó ń wá ìkejì ìbọ̀sẹ̀, dìde, ó na ọrùn.

"Àǹtí mi, mo ga ju ti ọdún tó kọjá lọ."

"O ò tíì tó."

Ọmọ náà jókòó, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń rọ̀ mọ́ irin tí wọ́n ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, kí ara rẹ̀ lè nà. Oníṣirò ń rí i, á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn Sátidé àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ èrò kọjá bí ọmọ ọba, oòrùn ń pa àwọn tó wà lórí ìlà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ iléèwé lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà kan ló kó wọn wá ṣeré ọlidé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń sáré jù náà ń mú wọn dúró ti ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí ọmọ kan, ó ní, "Ìwọ ga jù ú lọ dáadáa. Ó yá, kọjá."

Àbúrò rẹ̀ ni! Kò sọ nílé pé wọ́n ń kó àwọn wá, nítorí ó gbà pé ìdí ọ̀pá ni wọ́n máa ti dá òun padà. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, ó sáré sí i, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan.

"Àǹtí mi! Ẹ wá wò ó! Wọ́n ti gé ọ̀pá yẹn kúrú!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló gé e? Bó ṣe wà látìgbà tí a ti ṣí ọgbà yìí náà nìyẹn."

Ọmọ náà wo ọ̀pá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oníṣirò rí i bí ó ṣe ń ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó sì rí i nígbà tí ìdáhùn dé. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ó dáa," ó sì padà sáàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọdé ni, á gbàgbé," ni Olórí wí. "Jẹ́ ká lọ, ó ti kàn wá."

Oníṣirò kò lè lọ. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó gba ilé lọ, ó sì jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì.

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mi ò mọ̀wé tó ọ, ohun tí o bá ní kí n gbà ni mo ń gbà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí o máa bẹ̀."

Lálẹ́, Oníṣirò bẹ àbúrò rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Ní Monday, Oníṣirò mú káàdì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọgbà. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "A lè fi elénìyàn-méjì pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ, àmọ́ kò tún ní padà sí oníwúrà mọ́ o." Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Olórí gbọ́, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u.

Káàdì ṣeé pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Tí Oníṣirò bá ní kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yípo ti fẹ́ dúró, àbúrò rẹ̀ á lọ bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá ní ìyá ń pè é, á kọ́kọ́ ké sí ìyá láti inú yàrá. "Ṣé òótọ́ ni?" di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń bí Oníṣirò nínú. Nígbà tó yá, ó kọ́ láti dúró kí ọmọ náà bi ẹni tó fẹ́ bi.

Ọlidé ti ń lọ sópin kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. "Jókòó sápá ọ̀tún," ni Oníṣirò wí. "Omi máa ń ta sí apá òsì." Ọmọ náà yíjú sí ẹni tó ń tu ọkọ̀, ó ti la ẹnu láti bi í. Ó tún pa á dé, ó sì lọ jókòó sápá ọ̀tún. Oníṣirò yíjú sí omi kí ọmọ náà má baà rí omijé òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń fi nǹkan wéra kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ ka ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ń pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé. Díẹ̀díẹ̀ la sì ń rí i gbà padà.