Ẹ̀jẹ́ Ìyá Àgbà Rocchina

“Donata, bọ́ síwájú.”

Donata ti mọ̀ pé yóò kan òun. Tíṣà Lauria kì í jẹ́ kí èèyàn kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ẹnu ni wàá fi dáhùn, níwájú gbogbo kíláàsì. Iṣẹ́ èdè Ítálì ọjọ́ náà ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, pípín ọ̀rọ̀ sí sílébù, àti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Donata pín “inutile”, ìyẹn aláìwúlò, sí “in-u-ti-le”, torí ó rò pé ibi tí àfòmọ́ bá parí sí ni sílébù náà ń parí sí. Tíṣà ní “i-nu-ti-le” ni. Ìyẹn kò dùn ún púpọ̀. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà tó fẹ́ pe “tempo”, ìyẹn àkókò, “tembo” ló jáde, bí àwọn darandaran orí òkè ilé wọn ṣe ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni Egidio, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò ti pè é lórúkọ mọ́.

“Tembo, wọ́n ń pè ọ́ o!” ni Egidio wí. “Àbí àgùntàn ló máa bá ọ dáhùn?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Donata dìde, ó la ẹnu, ó sì di ọ̀fun mú bí ẹni pé ohùn kò jáde.

“Ṣé ohùn rẹ ti há ni?” Tíṣà bi í. “Ó dáa, jókòó. Bí ara rẹ bá yá, wàá dáhùn.”

Ó jókòó, inú rẹ̀ sì dùn. Kò mọ̀ pé inú pàkúté lòun jókòó sí.

Kó tó délé, Tíṣà ti tẹ ìyá àgbà rẹ̀ láago. Ìyá àgbà Rocchina ló ń tọ́ ọ láti ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ó fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ ra á lọ́rùn, ó wé aṣọ òtútù mọ́ ọn, ó sì po oyin sínú wàrà gbígbóná fún un.

“Má sọ̀rọ̀ o, ọmọ mi. Jẹ́ kí ọ̀fun sinmi.”

Donata rò ó lọ́kàn pé lọ́la ni ara òun yóò yá. Nígbà tí ọ̀la dé, ó rántí pé Tíṣà ń dúró, ó tún sún un síwájú. Ajá wọn sá bọ́ sójú títì, kò lè pè é. Ẹ̀rín pa á, kò lè rín in. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan, ni ìyá àgbà bá bú sẹ́kún pé àìsàn tí dókítà kò rí ló burú jù. Fádà dárúkọ rẹ̀ níbi àdúrà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù wá ń ba ọmọ náà gan-an, kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Nígbà tó yá, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ìyá àgbà ní, “Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Bíájò Mímọ́, olùtọ́jú ọ̀fun. Lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni màá fi gun òkè dé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kó lè dá ohùn rẹ padà.”

Pẹ̀lú orúnkún tó ń wú! Nínú yìnyín oṣù kejì! Donata di apá rẹ̀ mú, ó ń mi orí kíkankíkan.

“Má sunkún. Kí ẹsẹ̀ arúgbó lọ, kí ohùn ọmọdé dé.”

Ọ̀rọ̀ dé eyín Donata. Ó rántí Fádà, ó rántí Egidio, ó sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ìlú wa ló tẹ̀ lé ère ẹni mímọ́ náà gòkè. Ìyá àgbà bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ń lọ. Òkúta gé e lẹ́sẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti ga jù, ó yọ̀, ó fi orúnkún gúnlẹ̀ gbì.

“Ìyá àgbà, ó tó! Ẹ dúró!”

Ariwo sọ: “Iṣẹ́ ìyanu! Ó ti sọ̀rọ̀!” Egidio pàápàá kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí Donata bá dákẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó ti fẹ́ dákẹ́. Àmọ́ obìnrin kan la àárín èrò kọjá, ó na ọmọ ọwọ́ tí èémí rẹ̀ ń dún sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀ fún mi. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́.”

Donata fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, mà. Ohùn mi ò lọ rárá. Irọ́ ni mo pa, kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín.”

Obìnrin náà gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó yíjú sẹ́yìn. Ìyá àgbà rọra dìde.

“Ẹ wọ bàtà yín, ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo bẹ ẹni mímọ́ pé kí o sọ̀rọ̀, o ti sọ̀rọ̀. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́, màá san án.”

Donata bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà tirẹ̀.

“So ó padà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tìrẹ.”

Bí wọ́n ṣe gòkè náà nìyẹn. Donata ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú gbogbo èrò náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í pẹ́ tán. Irọ́ téèyàn bá fi sá fún un ló ń pẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn wa jù ló sì sábà máa ń gé. Nírọ̀lẹ́, Donata kúnlẹ̀ síwájú àga, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá àgbà, ó ń sunkún sínú omi gbígbóná tó fi ń fọ ẹsẹ̀ náà.

“Omi yìí ti tutù,” ni ìyá àgbà wí. “Lọ gbé òmíràn wá.”