Irun Tí Màmá Dì Gbẹ̀yìn

"Yéè! Bàrákàt, ṣé irun nìyí àbí ìtẹ́ ẹyẹ?"

Ẹ̀yìn kíláàsì ni Àmírát ti pariwo bẹ́ẹ̀, ní àkókò ìsinmi. Eré ló ń ṣe tó fi fa híjáàbù kúrò lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí kò jọ eré mọ́. Bàrákàt yára fa híjáàbù bo orí padà. Ó ti pẹ́ jù. Àmírát ti rí i pé irun náà ti lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, òógùn àti eruku ti sọ ọ́ di okùn, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fi ṣe àlejò.

"Ìgbà wo lo di èyí?"

"Mi ò dì í. Màmá mi ló dì í."

Àmírát la ẹnu sílẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni màmá Bàrákàt ti kúrò ní Dùálà, òjò sì ti rọ̀ títí tí gbogbo Logbaba, àdúgbò wọn, fi di ẹrẹ̀.

Ọdún tí iye owó sẹ́fà di ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni mò ń sọ. Àwọn tó wà ní Kamẹrúùnù nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Sìkírátù, màmá Bàrákàt, ń ta aṣọ lọ́jà, ṣùgbọ́n ta ní ń ra aṣọ nígbà tí ìrẹsì ń sá fún ìkòkò? Ó fi ọjà sílẹ̀, ó padà sí Ìsẹ́yìn láti máa bá ìyá tirẹ̀ tajà níbẹ̀, pé bí nǹkan bá rọ̀ díẹ̀, òun yóò padà. Mùíbì ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, dúró sí Logbaba pẹ̀lú Bàrákàt, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kí ọmọ má baà fi ilé ìwé sílẹ̀.

Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀la, Sìkírátù jókòó lọ́sàn-án, ó fi orí ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó dì í ní kòlẹ́sẹ̀. Ìyá tó máa ń kánjú parí irun kó lè lọ dáná, lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló ń fà á gùn. Ó ń fi òrí pa ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa ọmọ lọ́rùn. Nígbà tó parí, ó ní, "Bí mo bá dé, màá di òmíràn fún ọ."

Ẹ má bú Bàrákàt. Ọmọ gbọ́ pé ìyá òun ni yóò di òmíràn, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀jẹ́. Bó bá jí láàárọ̀, á máa fi ìka tọ ìlà orí rẹ̀. Ibi tí ìka Màmá ti gbà ni ìka tirẹ̀ náà ń gbà. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó rò pé bí òun bá tú irun yẹn, òun ti tú ohun tó kù lọ́wọ́ òun nínú ìyá òun dànù nìyẹn. Híjáàbù ń bò ó. Bàbá rẹ̀ kì í wo orí ọmọbìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni irun ń bàjẹ́ lábẹ́ aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

"Laisse, má dààmú," Àmírát wí. Dùálà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í rìn jìnnà kí Faransé tó dá a lọ́nà. "Ẹ̀gbọ́n mi ní défrisant nílé, ìpara tó ń na irun. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bonapriso, les madames, gbogbo wọn ń fi sórí. On met ça, a kàn máa fi sí i, ó máa tú fúnra ẹ̀. Kò ní dùn ẹ́."

Bàrákàt mọ̀ pé Ìyá Àbẹ̀ní, tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan, lè bá òun fi sùúrù tú u. Ṣùgbọ́n Ìyá Àbẹ̀ní yóò kọ́kọ́ pariwo, gbogbo ọgbà yóò sì gbọ́. Ojú tì í. Ó yan Àmírát.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ sílé àwọn Àmírát ní Kotto, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti lọ sẹ́nu iṣẹ́. Inú agolo bọ́tà ni ẹ̀gbọ́n máa ń kó ìpara tó bá ṣẹ́kù sí. Àmírát ti rí i tí wọ́n ń fi í ṣe irun. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Ó bù ú, ó fi rẹ́ orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Lákọ̀ọ́kọ́ ó tutù. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò pẹ́ tó fi di iná.

"Àmírát, ó ń jó mi!"

"Attends, dúró ná, kò tíì mú."

"Mo ní ó ń jó mi!"

Wọ́n sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi. Àmírát ṣí i, ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, omi kò jáde. Kí wọ́n tó rí garawa omi kan tọrọ nílé kejì, ìpara ti ṣiṣẹ́ kọjá irun, ó ti wọ awọ orí. Bí Àmírát ti ń da omi sí i tó ń fọ̀ ọ́, irun ń bá ọwọ́ rẹ̀ wá ní ìdì ìdì. Bàrákàt rí i nínú abọ́ omi, ó bú sẹ́kún. Oró orí nìkan kọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń léfòó lójú omi yẹn.

Nígbà tí Bàrákàt sunkún wọlé, Mùíbì kò na án. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì fọ ojú egbò, ó fi oògùn sí i, ó sì kìlọ̀ pé òróró kankan kò gbọdọ̀ kan orí náà títí egbò yóò fi jinná. Ojú ọ̀nà ni bàbá ti wá béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ bá ní kí n tú u, Bàbá."

Mùíbì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìborùn tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀." Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wèrè kan náà ló ń ṣe àwa méjèèjì. Tìrẹ kàn hàn síta ni."

Egbò kò tíì jinná tán nígbà tí Àfísù, tó máa ń lọ kó ọjà ní Nàìjíríà, ya ilé wọn pẹ̀lú iṣẹ́ tí Sìkírátù rán.

"Ó ní kí n kí yín dáadáa. Ó ní bí òjò bá ti dá, òun ń bọ̀ wá wò yín. Ó sì ní kí n sọ fún Bàrákàt pé kó tọ́jú irun rẹ̀ de òun o, pé ọwọ́ ń yún òun."

Inú Bàrákàt dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń wù ú jù láyé ni kí orí òun tún wà láàárín orúnkún ìyá òun. Irun wo ni ọwọ́ ìyá yóò wá dì? Ó tọ Ìyá Àbẹ̀ní lọ fúnra rẹ̀, ó bọ́ híjáàbù, ó ní, "Ẹ gbà mí, mà."

Ìyá Àbẹ̀ní pariwo, bí a ti mọ̀ pé yóò ṣe. Gbogbo ọgbà gbọ́. Kò sì sí ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà ló nu ojú ara rẹ̀, ó ní, "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Gbòǹgbò wà níbẹ̀. Jẹ́ kí egbò san ná."

Nígbà tí egbò san, omi àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ fi pa á. Irun kò hù, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì mọ ohun tí Bàrákàt fi para. Olùkọ́ tilẹ̀ béèrè ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá sílé ìwé. Bàrákàt bẹ Ìyá Àbẹ̀ní pé àlùbọ́sà náà tó. Ìyá Àbẹ̀ní bínú díẹ̀, ó wá padà sí ohun tí ìyá tirẹ̀ máa ń ṣe. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó máa fi fọ orí, kó fi omi inú ewé etí erin tu awọ orí lára, kó wá fi òrí tí wọ́n yọ́ mọ́ òróró àgbọn pa á, ìwọ̀nba tí ìka kan lè bù. Kò gbọdọ̀ ya irun ní gbígbẹ. Kò gbọdọ̀ so híjáàbù le lórí irun tútù. Aṣọ rírọ̀ ni kó kọ́kọ́ wé sábẹ́ rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sí ìpara inú agolo bọ́tà ẹnikẹ́ni mọ́.

"Kí lẹ̀ ń jẹ nílé yín?" ó béèrè lọ́jọ́ kan.

"Gàrí, mà. Nígbà mìíràn búrẹ́dì àti tíì."

"Láàárọ̀ ńkọ́?"

"Tíì."

"Ìwọ àti Mùíbì! Ṣé tíì ni yóò hu irun? Orí kì í dá irun hù, inú ló ń bá a hù ú."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí Sìkírátù ti lọ, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ jó nídìí àdògán wọn. Ìkòkò ń rán bàbá àti ọmọ létí ẹni tí kò sí nídìí rẹ̀, ni wọ́n bá ń sá fún un. Ìyá Àbẹ̀ní lé wọn padà síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà, ẹja yíyan, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àti ewúro tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, tí àwọn ará Dùálà ń pè ní ńdolé. Kì í ṣe oúnjẹ olówó. Ẹyin jẹ́ ti ọjọ́ tí adìyẹ Ìyá Àbẹ̀ní bá ṣàánú wọn. Mùíbì ń ṣa ẹ̀wà, Bàrákàt ń se ọbẹ̀, iyọ̀ ń pọ̀ jù, wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nídìí oúnjẹ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Sìkírátù fún ara wọn, ohun tí wọn kò jẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bàrákàt á fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí nírọ̀lẹ́, á ní òun kò rí nǹkan kan. Àfi lọ́jọ́ kan tí nǹkan ń gún un lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó pariwo ju Ìyá Àbẹ̀ní lọ. Irun ń hù! Ṣùgbọ́n òjò ń lọ sópin, irun kò sì mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé Sìkírátù yóò wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, irun náà kò ju ìdajì ìka lọ, ojú kan sì wà lókè etí òsì tó dán, tí kò hu ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Àmírát dé. Ohun tó ṣe ṣì ń dùn ún, ó sì ti wá ọ̀nà tí yóò fi tún un ṣe.

"Mèche nìyí, irun àtọwọ́dá. Kò sí ìpara nínú ẹ̀, je te jure, mo búra. Màá dì í mọ́ irun ẹ, ó máa gùn dé ẹ̀yìn. Màmá ẹ ò ní mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Bàrákàt jókòó. Àmírát mú irun kékeré kan níwájú orí rẹ̀, ó fún un mọ́ mèche, omi bọ́ lójú Bàrákàt, nítorí irun tuntun kò tíì lágbára. Ó fara dà á. Ó ń rò ó bí ìyá òun yóò ti wọlé, tí yóò na ọwọ́ sórí òun. Kí wá ni ọwọ́ náà yóò bà? Ọ̀rá tí wọ́n rà lọ́jà. Ìyá òun yóò ti Ìsẹ́yìn wá sí Dùálà wá máa fọwọ́ pa ọ̀rá.

"Tú u," ó wí.

"Quoi? Kí lo wí?"

"Tú u, Àmírát. Orí mi ni mo fẹ́ kó fọwọ́ kàn."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Sìkírátù wọlé. Ó ti rù gan-an. Bàrákàt rọ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá fúnra rẹ̀ rọra tì í sẹ́yìn, tó ní, "Bọ́ híjáàbù, kí n rí orí Àṣàkẹ́ mi."

Bàrákàt bọ́ ọ. Sìkírátù gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ títí ó fi dé ojú tó dán, ó sì dúró níbẹ̀.

"Màmá, mi ò tú èyí tẹ́ ẹ dì. Mo fi pamọ́ títí tó fi bàjẹ́. Mo wá lọ fi ìpara sí i. Ẹ má bínú."

Sìkírátù kò bá a wí. Ó tú gèlè orí tirẹ̀. Irun iwájú orí rẹ̀ ti lọ, èyí tó kù sì ti fẹ́lẹ́.

"Bí mo bá bu òkèlè ní Ìsẹ́yìn, màá ní mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin jẹ. Kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi," ó wí. "Mo ní mò ń bọ̀ wá dirun fún ọ. Èmi náà ò rí tèmi dì."

Bàrákàt nu ojú rẹ̀. Ó lọ gbé ẹ̀wà àti ẹja wá, ó dúró ti ìyá rẹ̀ títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló mú òrí, ó jókòó sétí ibùsùn, ó fi orí ìyá sáàárín orúnkún tirẹ̀, ó ń pa á lórí bí Ìyá Àbẹ̀ní ti kọ́ ọ.

"Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," Mùíbì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò tíì dàgbà tó òkété o!" Sìkírátù dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbé orí kúrò.

Nǹkan kò tíì rọ̀ ní Dùálà, Sìkírátù kò sì lè dúró títí. Kó tó lọ, irun Bàrákàt ti gùn tó ohun tí ìka lè gbá mú. Ó dì í wẹ́wẹ́, kò fún un le, ó fi irun tó wà nítòsí bo ojú tó dán. Bàrákàt fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti orúnkún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó pẹ́.

"Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, tú u," ìyá wí. "Fọ̀ ọ́, kí Ìyá Àbẹ̀ní di òmíràn. Èmi ò sí nínú irun yìí, Àṣàkẹ́. Irun lásán ni. Bí àárò mi bá sọ ọ́, sọ fún bàbá rẹ, kẹ́ ẹ jọ jẹun."

Ohun tí Bàrákàt fi orí rẹ̀ kọ́ nìyẹn, èmi sì fẹ́ kí ẹ̀yin fi etí kọ́ ọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí àárò ẹni sọ ni. Ọgbẹ́ tí a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń jẹrà. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ pariwo. Ohun tó bá sì ti bàjẹ́, ẹ má fi ipá tún un ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Bàrákàt jókòó síwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà. Ó ń tú u, ó ń sunkún, kò sì dúró títí tó fi tú u tán. Ó fọ̀ ọ́, ó fi òrí pa á, ó lọ jókòó síwájú Ìyá Àbẹ̀ní. Orí rẹ̀ fúyẹ́. Àárò ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́.