Ẹ̀pà Etí Aṣọ Ìyé

"Mi ò jẹ! Mi ò jẹ! Ẹyẹ ni! Ẹyẹ ni!"

Inúmidùn fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wo ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Bẹ́ẹ̀, kò sí ejò níbẹ̀. Ẹ̀pà sísun ni, ẹyọ mẹ́fà péré, tí ìyá arúgbó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ní etí aṣọ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Inúmidùn, àti ìgbà tó ti lè fi eyín fọ́ nǹkan ni ìyá àgbà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un láràárọ̀. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á fi ìkíni ilé wọn kí i pé, "Okun o, ọkọ mi." Ọmọ á dáhùn pé, "Okun, Ìyé." Ìgbà náà ni á wá tú kókó etí aṣọ, tí ẹ̀pà á yọjú. Ìyé ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá ní ilé wọn ní Iyah-Gbede.

"Inú, kí ló dé? Ẹ̀pà mà ni," ni Ìyé wí, ó sì tún na ọwọ́ sí i.

Ọmọ náà fi igbe ta, ó gba abẹ́ apá rẹ̀ sá kọjá, ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Miriam ni ẹ̀gbọ́n náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló mọ ibi tí ẹyẹ yẹn ti fò wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé tó ṣáájú.

Mary, ìyá wọn, tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba, kì í fi ohun tí ọmọ kékeré ń wò ṣeré rárá. Kí fídíò kan tó wọ inú fílàṣì Inúmidùn, Mary á ti wò ó dé òpin. Èyí tó bá ń pariwo, tí àwòrán inú rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kò ní gbà á. Èyí tó bá ń fi sùúrù kọ́ ọmọ ní òǹkà, orúkọ ẹranko, tàbí bí a ṣe ń fọ ọwọ́, òun ni á mú. Ó tiẹ̀ ti kọ ọ́ sára páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀: Kọ́kọ́ wò ó. Jókòó tì í. Bi í léèrè ohun tó rí.

Bó bá di Sátidé tí ó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́, Miriam ló máa ń fi ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn lé lọ́wọ́. Ó sì ti ṣèlérí pé bí Miriam bá tọ́jú àbúrò rẹ̀ dáadáa títí táàmù yóò fi parí, òun á ra fóònù tí ó lè máa fi ka ìbéèrè WAEC fún un. Miriam ti ń rí fóònù yẹn lójú àlá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Juliet, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ki fílàṣì kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Gbogbo wa la ti wò ó tán, ìwọ nìkan ló kù," ni Juliet wí. "Tàbí òǹkà ení-èjì ni ìwọ ṣì ń wò pẹ̀lú àbúrò rẹ?"

Àwọn ọmọ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Miriam.

"Fíìmù wo ni?" ó béèrè.

"Fíìmù ìjọ ni o! Ìyá àgbà kan báyìí tó jẹ́ àjẹ́. Àdúrà ni wọ́n fi parí ẹ̀. Kò sí ìranù kankan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

Ní Sátidé, Ìyé ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn, kò ní padà títí di alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Iná wà. Inúmidùn ti wo fídíò òǹkà lẹ́ẹ̀mẹrin, Miriam sì ti mọ orin inú rẹ̀ débi pé ó ti ń sú u. Ó wo páálí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo fílàṣì Juliet. "Fíìmù ìwàásù náà ni," ó wí nínú ọkàn rẹ̀, "ohun tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, kò lè pa ọmọdé lára." Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ kì í wá àwáwí tì. Ó ní kí Inúmidùn lọ máa fi bèbí rẹ̀ ṣeré ní kọ̀rọ̀, ó sì ki fílàṣì bọ tẹlifíṣàn.

Ṣé ọmọdé ń jókòó sí kọ̀rọ̀ nígbà tí tẹlifíṣàn bá ń sọ̀rọ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni Inúmidùn ń sún mọ́ ọn, títí ó fi dé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú fíìmù náà, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú nǹkan kékeré kan fún un, ọmọ náà sì jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí apá rẹ̀ fi hu ìyẹ́. Ó di ẹyẹ dúdú, ó gba ojú fèrèsé fò jáde.

Miriam rẹ́rìn-ín, torí ìyẹ́ yẹn jọ ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Àmọ́ Inúmidùn kò rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Miriam, ṣé ọmọ yẹn máa padà di èèyàn?"

"Ṣìì! Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí."

Wọn ò tí ì dé ibi àdúrà tí wọ́n fi mú iná lọ. Miriam lọ wo ìparí rẹ̀ nílé Juliet ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Ó rí bí ọmọ náà ṣe padà di èèyàn, tí gbogbo wọn ń jó. Inúmidùn kò rí i. Lójú tirẹ̀, ẹyẹ náà fò lọ, kò sì padà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ó fi figbe ta ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè nígbà tí Ìyé tú etí aṣọ. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ tí Ìyé bá fọwọ́ kàn. Ẹní Ìyé tí ó ti ń sùn sí láti ọdún méjì, ó sá kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó di Túsìdeè, ara rẹ̀ ti ń gbóná.

Mary gbé e lé ẹsẹ̀. "Inú mi, kí ni Ìyé ṣe fún ẹ?"

"Wọ́n fẹ́ sọ mí di ẹyẹ. Ó wà ní etí aṣọ wọn."

Mary bi ọmọ léèrè ohun tí Ìyé ṣe, ṣùgbọ́n kò bi í léèrè ibi tó ti rí ẹyẹ. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òun náà tó jẹ́ àgbà, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó mọ èwo ni ẹ̀fọ́ èwo ni oògùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Theresa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà.

"Ọmọdé kì í purọ́, Mary," ni Theresa wí, ó mi orí. "Ohun tí ojú àgbà kò tó, ojú ọmọ máa ń tó o."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ó tó di Tọ́sìdeè, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ìyé kí àwọn obìnrin méjì, "Okun o." Wọ́n dá a lóhùn láìdúró, ọ̀kan sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra kọjá. Ìyé dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé omi náà padà sílé.

Miriam rí gbogbo rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu, á rántí fóònù, á rántí ojú ìyá rẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. "Yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀," ó ń tan ara rẹ̀. Nígbà tí ó sọ fún Juliet, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí kò ju, "Má dárúkọ mi síbẹ̀ o," lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, bàbá wọn, Bámgbóṣé, ọmọ Ìyé gan-an, ti Lọ́kọ́ja tó ti ń ṣiṣẹ́ dé. Ó bá Mary àti Theresa nínú pálọ̀. Ìyé jókòó lọ́tọ̀ lórí àga kan, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"A ò fẹ̀sùn kan Màmá o," ni Theresa wí. "Kí wọ́n kàn tẹ̀ lé wa lọ sí àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́wọ́ kí ara lè tù wọ́n."

Bámgbóṣé ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ rèé, ọmọ rẹ̀ tí ara ń gbóná rèé.

"Bámgbóṣé," ni Ìyé wí, "ìwọ ni mo fi ẹ̀pà oko rán níléèwé. Ẹ̀pà kan náà ni mo ń dì fún ọmọ rẹ. Kí ni kí n jẹ́wọ́?" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo ti di ẹrù mi. Bó bá di ọ̀la, màá wọ mọ́tò Iyah-Gbede. Àmọ́ orúkọ tí ẹ fún mí yìí, ibo ni mo fẹ́ gbé e pamọ́ sí ní ọjọ́ orí mi?"

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Miriam wà. Páálí ìyá rẹ̀ dojú kọ ọ́: Bi í léèrè ohun tó rí. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé àárín pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyé, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ìyé kọ́! Èmi ni! Fíìmù tí mo wò lọ́jọ́ Sátidé ni. Inúmidùn wà níbẹ̀, mi ò lé e jáde, ó bi mí ní ìbéèrè, mi ò dá a lóhùn."

"Ọmọ yìí fẹ́ gbèjà ìyá bàbá rẹ̀ ni," ni Theresa wí.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Miriam dìde, ó fa fílàṣì Juliet yọ nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, ó ki í bọ tẹlifíṣàn, ó sì sún fíìmù náà síwájú dé ibi tó ń wá. Gbogbo wọn wò ó. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí. Ó mú etí aṣọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Inúmidùn ti jí. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló ti figbe ta, ó ń nàka sí tẹlifíṣàn. "Òun nìyẹn! Dádì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u!"

Bámgbóṣé fò dìde, ó pa tẹlifíṣàn náà. Mary di orí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Èmi tí mo kọ páálí! Èmi gan-an ni mi ò bi ọmọ mi léèrè ohun tó rí!" Theresa ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó wá gèlè rẹ̀, ó jáde. Ìyé nìkan ni kò kúrò lójú kan, ó ṣì ń wo tẹlifíṣàn tí wọ́n ti pa.

"Aṣọ rẹ̀ jọ tèmi lóòótọ́," ó wí.

Ó dárí jì wọ́n. Ó gbé ọwọ́ lé Miriam lórí, ó súre fún un. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi ná," ó wí. "Ilé tí wọ́n ti fojú àjẹ́ wò mí, oorun rẹ̀ kò tí ì lè dùn mọ́ mi." Bámgbóṣé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀, ìyẹn kò yí ọkàn Ìyé padà.

Fóònù WAEC di àlá lóòótọ́. Èyí tó dun Miriam jù ni pé Inúmidùn kò gbàgbé. Ní Sátidé kejì, Miriam bẹ ìyá rẹ̀ kí àwọn jọ wá fídíò kan tó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù han ọmọdé. Mẹ́rin ni wọ́n wò tán kí wọ́n tó rí èyí tó yẹ. Miriam gbé àbúrò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń lẹ ìyẹ́ mọ́ ọmọ kan lápá.

"Ṣé ọmọ yẹn ò di ẹyẹ ni?"

"Kò di ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó lọ sílé lọ jẹun." Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ni Miriam dáhùn.

Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó mú un lọ sí Iyah-Gbede. Ìyé jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn.

"Okun o, ọkọ mi."

Inúmidùn sá sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yọjú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Okun, Ìyé," ó wí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́.

Ọwọ́ Ìyé lọ sí etí aṣọ rẹ̀, ó dúró. Ó dìde, ó wọ inú yàrá lọ, ó sì fi abọ́ gbé ẹ̀pà jáde. Inúmidùn jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, inú ìyá àti bàbá rẹ̀ sì dùn. Miriam kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wo etí aṣọ Ìyé láti òkè délẹ̀. Kò sí kókó kankan níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé Kabba, Miriam mú bírò, ó kọ ìlà kẹrin sí ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: Bí iná bá tilẹ̀ lọ, ohun tí mo fi han ọmọ kékeré kò ní kúrò lójú rẹ̀.